Nígbà tí ọmọ mi dákẹ́, mo rò pé ara ti tù ú

Oṣù keje ọdún 2022 ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Àwa tí a ń ta àdìrẹ ní Òṣogbo mọ ohun tí oṣù keje jẹ́ fún wa. Ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀ lóṣù kẹjọ, àlejò ń bọ̀, ẹni tí kò bá sì ní aṣọ nílẹ̀ kó tó di ìgbà náà ti pàdánù ọjà rẹ̀. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, aṣọ kò gbẹ, mo sì ti gba owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ mẹ́ta. Inú kòókòó jàn-án-jàn-án yìí ni ara ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 15, ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

Mo ti sọ ìtàn yìí fún ojúlùmọ̀ lẹ́nu ọjà, ṣùgbọ́n n kì í sọ gbogbo rẹ̀. Mo máa ń fo ibi tí ojú ti ń tì mí. Lónìí n kò ní fò ó, torí ibẹ̀ gan-an ni ìyá mìíràn ti lè rí ohun tí yóò fi gba ọmọ tirẹ̀ là.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, paracetamol ni mo ń fún un. Ní ọjọ́ kẹrin mo mú un lọ sí kẹ́mísì tó wà ládùúgbò wa. Ọ̀gbẹ́ni tó wà níbẹ̀ gún un lọ́mọ ìka, ó kán ẹ̀jẹ̀ náà sílẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ìyá wa, ibà wà níbẹ̀, táífọ́ọ̀dù náà wà níbẹ̀." Ó di oògùn sínú ọ̀rá fún wa, ó ní kó lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọjọ́ kẹta tó ń lò ó, ara rẹ̀ fúyẹ́, ó jẹ àmàlà. Mo ká ìyókù oògùn náà nílẹ̀, mo tọ́jú rẹ̀ de àbúrò rẹ̀, bí ara òun náà bá gbóná lọ́jọ́ kan.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo mọ̀ pé ilé tó ní irú oògùn àṣẹ́kù bẹ́ẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀ kò níye. Oògùn tí a kò lò pé kò pa kòkòrò náà tán, a sì ń kọ́ kòkòrò ọ̀hún bí yóò ṣe máa gbójú sí oògùn ni. Dókítà sọ fún mi nígbà tó yá pé àyẹ̀wò tí a ṣe ní kẹ́mísì yẹn kò tó láti fi dájọ́ pé táífọ́ọ̀dù ni tàbí pé kì í ṣe òun. Èyí tó dára jù ni kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ kí oògùn tó wọ ara, kí láàbù tọ́jú ẹ̀jẹ̀ náà fún ọjọ́ mélòó kan títí kòkòrò inú rẹ̀ yóò fi fara hàn.

Ibà náà padà dé kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí. Orí ń fọ́ ọ, oúnjẹ kò wù ú, ìgbẹ́ há fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà ó di ṣíṣàn. Mò ń fi ọwọ́ tó kún fún aró kan iwájú orí rẹ̀, mo sì ń sọ fún un pé bí mo bá ti já aṣọ yìí tán, a ó lọ sí ilé ìwòsàn. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún.

Àwọn àgbà wa ní orúkọ fún táífọ́ọ̀dù: ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, n kò sì jókòó ronú rí pé orúkọ náà ń sọ ohun tí ibà ọ̀hún ń ṣe. Ó ń jẹ ìfun. Kòkòrò rẹ̀ ń bá omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti kàn wọlé, ó ń dá egbò sí ìparí ìfun kékeré, nítòsí ibi tí ìyẹn ti pàdé ìfun ńlá. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, egbò náà lè jìn títí tí ìfun yóò fi lu.

Ti ọmọ mi lu ní òru ọjọ́ kẹtàlá. Mo mọ wákàtí rẹ̀, torí ó pariwo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ní, "Màmi, nǹkan já nínú mi." Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá díẹ̀. Ó ká jọ, ó di inú mú, òógùn bò ó.

Ìyá ọkọ mi wà nílé pẹ̀lú wa. Wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé ṣúgà ti pọ̀ jù lára ọmọ náà. N kò dá wọn lẹ́bi, torí èmi ni mo bu àgbo náà fún un. Ife kan, ó bì í. A tún bu òmíràn. Nígbà tí kò yàgbẹ́, a fi rọ́bà fa omi ọṣẹ sí i nídìí. Lẹ́yìn náà mo lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀gbẹ́ni kẹ́mísì, ó bá mi wálé, ó sì gún un ní abẹ́rẹ́ diclofenac fún ìrora.

Nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, ó dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Gbogbo òru ni ó ti ń kérora, ó wá dákẹ́. Mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, kò gbóná mọ́. Mo ní, "Olúwa, o ṣeun." Ìyá ọkọ mi ní àgbo ti ṣiṣẹ́. Mo fi aṣọ bò ó, mo sì lọ sídìí ìkòkò aró mi ní aago mẹ́fà àárọ̀. Mo fi í sílẹ̀ títí di ọ̀sán. Wákàtí mẹ́fà gbáko tí ìdọ̀tí ìfun fi ń ṣàn kiri inú ikùn ọmọ mi, aṣọ ni mò ń rẹ.

Nígbà tí mo wọlé, bí mo ṣe fi í sílẹ̀ náà ni mo bá a. Ẹ̀yìn ló fi lélẹ̀, ó ká orúnkún sókè, ojú rẹ̀ jìn wọnú, ètè rẹ̀ gbẹ. Ó ń mí kúrúkúrú, bí ẹni tí kò fẹ́ kí èémí rẹ̀ kan ikùn. Mo gbé ọwọ́ lé inú rẹ̀. Ó le bíi pákó. Ọwọ́ mi kò tíì kúrò níbẹ̀ tí omijé fi ń ṣàn lójú rẹ̀, kò sì pariwo.

Ohun tí ó bá ṣeé ṣe kí ẹ gbàgbé nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ má gbàgbé èyí. Ẹni tí inú ń run lásán kì í sábà dúró sójú kan. Yóò yí síhìn-ín, yóò yí sọ́hùn-ún, yóò dìde, yóò tún jókòó. Ẹni tí ìfun rẹ̀ ti lu kì í sábà fẹ́ mira, torí bó bá mira, tó wúkọ́, tó sín, iná ló ń jó o nínú. Ibà tó sì lọ lójijì lẹ́yìn irú ìrora bẹ́ẹ̀, tí ọkàn ń sáré, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tutù, kì í ṣe ìwòsàn.

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan. Wọ́n gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fa omi fún un, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́, wọ́n ní kí á máa wò ó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bẹ́ẹ̀, wọn kì í ṣe iṣẹ́ abẹ ìfun níbẹ̀. N kò béèrè, wọn kò sì sọ. Òru kan tún lọ báyẹn. Ìbéèrè tí ǹ bá ti bi wọ́n lẹ́nu ọ̀nà kò gùn: "Tó bá jẹ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ la inú ọmọ yìí lóru òní, ṣé ẹ lè ṣe é níbí?" Bí wọ́n bá ní rárá, kí n yí ọkọ̀ padà.

Ní àárọ̀, àbúrò ọkọ mi gbé kọ̀rọ̀pé wá, a forí lé ilé ìwòsàn ńlá. Gbogbo kòtò tí táyà bá bọ́ sí ló ń mú kí ọmọ mi gbin. Awakọ̀ ń bẹ̀ ẹ́, ó ń rọra wa ọkọ̀ bí ẹni tó ru ẹyin. Nígbà tí a débẹ̀, dókítà kan, ọ̀dọ́mọkùnrin, bi mí pé, "Màmá, báwo ló ṣe ṣe nínú ọkọ̀, tí ọkọ̀ bá bọ́ sí gálọ́ọ̀pù?" Mo ṣàlàyé. Ó mi orí. Mo ní, "Dókítà, láti àná ló ti ń sùn, kò yọ wá lẹ́nu mọ́." Ó wò mí, ó ní, "Màmá, kò sùn o. Ikùn rẹ̀ ló ń ṣọ́."

Wọ́n gbé e jókòó ṣánṣán, wọ́n ya X-ray àyà rẹ̀. Dókítà fi àwòrán náà hàn mí: afẹ́fẹ́ ti ti inú ìfun jáde, ó kóra jọ lókè ikùn, lábẹ́ ibi tí ikùn ti pààlà pẹ̀lú àyà. Ó ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tó tẹ́ gbogbo inú ikùn, tó sì bo àwọn ìfun. Awọ yẹn mọ́ tónítóní, kì í fojú kan ìdọ̀tí. Nígbà tí ìfun lu, oje oúnjẹ, ìgbẹ́ àti kòkòrò dà sórí rẹ̀, ó wú, ó kún fún ọyún. Ohun tí wọ́n ń pè ní peritonitis nìyẹn. Ó ní oríṣi kan wà tí kòkòrò fi ń débẹ̀ láìsí pé ohunkóhun lu, pé oògùn nìkan sábà máa ń tó fún ìyẹn. Ti ọmọ mi jẹ́ oríṣi kejì, èyí tí ó ní orísun nínú ikùn. Orísun náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ dí.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún un ní oògùn tó lágbára, kí wọ́n má la inú rẹ̀. Ojú rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ mi tó dúdú fún aró. Ó ní, "Màmá, bí ìkòkò aró yín bá lu, ṣé ilẹ̀ lẹ ó máa nù ni?" Mo dákẹ́. Bàbá ọmọ fọwọ́ sí ìwé.

Mo wá rò pé kíá ni wọn yóò gbé e wọ tíátà. Wákàtí márùn-ún ni a lò kí wọ́n tó gbé e. Mo bínú, mo sunkún, mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ sí nọ́ọ̀sì. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe ní gbogbo àkókò yẹn. Ara ọmọ náà ti gbẹ débi pé bí wọ́n bá fi oògùn oorun kùn ún bẹ́ẹ̀, ó lè má jí. Wọ́n ń fa omi sí i lọ́wọ́ méjèèjì. Wọ́n ti rọ́bà tín-ín-rín gba imú rẹ̀ wọ ikùn, omi aláwọ̀ ewé ń tibẹ̀ jáde. Wọ́n ti rọ́bà ìtọ̀ bọ̀ ọ́. Wọ́n fún un ní oògùn apakòkòrò, ceftriaxone àti metronidazole, láti inú iṣan. Nọ́ọ̀sì tí mo ti bú ló pè mí, tí ó fi àpò ìtọ̀ hàn mí. Ìtọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò kún ṣíbí méjì, ó pọ́n bí omi epo igi. Ó ní, "Màmá, ẹ máa bá wa wo èyí. Tó bá ti ń jáde dáadáa, tó ń mọ́, a ti múra tán." Mo jókòó ti àpò yẹn. Nígbà tí ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kán ní mímọ́, ó dà bíi pé òjò rọ̀ sórí oko tó ti gbẹ.

Ẹ̀jẹ̀ náà tún wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí á wá páíǹtì méjì. Ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ bá a mu, ti àbúrò bàbá rẹ̀ sì bá a mu, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò fún kòkòrò HIV àti ti hepatitis tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ kí wọ́n tó lè lò ó, ìyẹn náà sì gba àkókò. Kí ẹbí mọ irú ẹ̀jẹ̀ ara wọn kí wàhálà tó dé kì í ṣe ohun kékeré.

Iṣẹ́ abẹ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba wákàtí mẹ́ta. Ihò kan ni wọ́n bá, kò ju orí pẹ́ńsù lọ. Wọ́n gé etí egbò náà dé ibi tó yè, wọ́n rán an, wọ́n fi omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣan gbogbo inú ikùn ní àṣantúnṣan. Dókítà ní bí ihò náà bá ju ẹyọ kan lọ, ó lè gba pé kí wọ́n gé apá ìfun yẹn kúrò kí wọ́n so ìyókù pọ̀.

Nínú wọ́ọ̀dù, mo wá rí i pé ọ̀nà tí ènìyàn fi ń dé ibi tí ọmọ mi dé kò jẹ́ ọ̀kan. Bàbá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ọ̀tún ti ń lo oògùn orúnkún fún ọdún púpọ̀, ó ń fi òfìfo inú gbé e mì, títí tí ọgbẹ́ fi lu àpò ikùn rẹ̀. Ọmọdékùnrin kan wà níwájú wa, ìdodo ni ìrora tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó wá bọ́ sí ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún. Appendix, ẹ̀ka kékeré kan lára ìfun, ló ti bẹ́. Bàbá àgbà kan ní ìpá tó há, wọn kò tètè wá, apá ìfun tó wà nínú rẹ̀ ti kú. Ọlọ́kadà kan sì wà tí ọwọ́ ọ̀kadà rẹ̀ gún nínú, tí kò sí ojú egbò kankan lára rẹ̀, tí ó sì rò pé òun bọ́. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tí ó kọ́kọ́ lò nílé. Kò sí ilé tí wọn kò ti lo àgbo tàbí abẹ́rẹ́ ìrora. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lóru, nígbà tí oorun kò kùn wá.

Àgbo ìyàgbẹ́ àti omi tí a fà sí i nídìí ń ti ìfun tó ti lu láti túbọ̀ da ohun inú rẹ̀ síta. Abẹ́rẹ́ ìrora láìsí ẹni tó kọ́kọ́ tẹ inú rẹ̀ wò bo ohun tí ó yẹ kó lé wa jáde nílé lóru yẹn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé n kò mọ èyí kí n tó ṣe é. Ẹ̀yin ti mọ̀ báyìí.

Àṣìṣe mi kò tán síbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọmọ náà ń bẹ̀bẹ̀ omi. Wọ́n ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ fẹnu kan nǹkan kan, torí ìfun ṣì ń sùn. Àánú ṣe mí. Mo fún un ní omi ẹ̀kọ gbígbóná, bíi ife kan. Kí ọjọ́ tó rọ̀, inú rẹ̀ ti wú bí ìlù, ó ń bì. Dókítà kò bú mi. Ó ní kí n máa fi òwú tó tutù tọ́ ọ létè. Àràárọ̀ ni wọ́n ń bi wá pé ṣé afẹ́fẹ́ ti jáde nídìí rẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ karùn-ún, ó jáde. Mo pariwo "Ẹ bá mi yọ̀!" débi pé bàbá bẹ́ẹ̀dì ọ̀tún jí, àwọn náà sì ń kí mi kú oríire. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n gbà pé kó mu omi lásán, ṣíbí mélòó kan lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n ti ní kó dìde rìn kó tó di ìgbà yẹn. Mo rò pé ìkà ni wọ́n. Nọ́ọ̀sì kọ́ mi bí yóò ṣe di ìrọ̀rí mọ́ inú tó bá fẹ́ wúkọ́ tàbí dìde. Èyí ràn án lọ́wọ́ ju ọ̀pọ̀ oògùn lọ.

Ní ọjọ́ keje, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sun ọyún. Mo rò pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Wọ́n tú okùn díẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n ń wẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́. Wọ́n ní ó wọ́pọ̀ nígbà tí ikùn bá ti kún fún ìdọ̀tí. Ohun tí wọ́n ní kí n sá pè wọ́n fún ni bí omi pupa ṣẹ́ṣẹ́ bá ṣàdédé dà jáde láti ojú ọgbẹ́, bí ohun tó dà bí ìgbẹ́ bá ń tibẹ̀ jáde, tàbí bí ara rẹ̀ bá tún gbóná. Ọjọ́ méjìlélógún ni a lò. Ọdún Ọ̀ṣun bá wa níbẹ̀. Mo dá owó ẹgbẹ́ méjì padà, ẹgbẹ́ kẹta ní kí n fi ṣe ìtọ́jú ọmọ.

Nígbà tí a délé, mo pe wolé-wolé wá wo kànga wa. Omi kànga yẹn náà ni mo fi ń ṣan aṣọ, òun náà la ń mu. Ó fi tépù wọn ún títí dé ṣáláńgá aládùúgbò. Ó ní ó yẹ kó tó mítà 30, tiwa kò pé mítà 10. Láti ọjọ́ náà, omi tí a bá máa mu gbọ́dọ̀ hó yaya lórí iná. Ọmọ náà kò gbé kẹ́ẹ̀gì fún oṣù méjì.

Wọ́n ti sọ fún wa pé ìfun tí wọ́n bá ti rán lè lẹ̀ mọ́ra lẹ́yìn ọdún pàápàá, kó sì dí. Nítorí náà, nígbà tí inú rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í run lóru ọjọ́ kan ní oṣù tó kọjá, n kò wá àgbo, n kò pe kẹ́mísì. Ó ń yí kiri lórí ẹní, ó ń kùn, ó ń pè mí. Mo ní kó wúkọ́, ó wúkọ́. A dé ilé ìwòsàn kí ilẹ̀ tó mọ́. Dókítà tẹ inú rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó gbọ́ ohùn ìfun rẹ̀, ó ní kò sí nǹkan, kí á máa lọ sílé. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí èmi náà fọwọ́ kan án. Ó rọ̀.